Àkọ̀, wáyà àti ìda: bí mo ṣe kọ́ apá ìdánrawò kan ní Ilé-Ifẹ̀

Ọ̀sán Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yà sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Sábó. Wọ́n gbé àpò ike kan lé orí tábìlì, wọ́n ní, "Àbúrò mi, tú u wò, kí o sọ ohun tó o bá rí fún mi." Nọ́ọ̀sì ni ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tó máa ń dúró ti dókítà nígbà tí dókítà bá ń gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tọ́jú aláìsàn, láìla àyà, láìla ikùn. Ní tèmi, irin-iṣẹ́ ilé ìwòsàn ni mo ń tún ṣe: ìbùsùn tó kọ̀ tí kò gòkè mọ́, páńpù tó ń pariwo, ẹ̀rọ tó ń fa ikun.

Nǹkan mẹ́rin ló wà nínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan tí mo já: abẹ́rẹ́ oníhò kan, wáyà gígùn tí wọ́n ká sínú òrùka ike, ọ̀pá ike tín-ín-rín tí ẹnu rẹ̀ rí ṣóńṣó, àti ọ̀pá ike mìíràn tó ní orí ńlá, tí rọ́bà kékeré kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí náà, tí tápù ọlọ́nà mẹ́ta sì wà ní ìparí rọ́bà ọ̀hún. Ọjọ́ gbogbo wọn ti kọjá, kò sẹ́ni tó lè lò wọ́n fún aláìsàn mọ́. Èyí tó ní orí ńlá yẹn ni àwọn dókítà ń pè ní introducer sheath. Àkọ̀ ni mo máa pè é níhìn-ín, nítorí iṣẹ́ àkọ̀ idà ló ń ṣe: nǹkan mìíràn ló ń gba inú rẹ̀ wọlé, tó tún ń gba inú rẹ̀ jáde. Èyí tó rí ṣóńṣó ni dáílétọ̀: inú àkọ̀ ló ń wà, òun ló ń ṣíwájú fẹ ojú ihò kí àkọ̀ lè wọlé.

"Àwọn ọmọ mi ti há orúkọ wọn sórí," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, "ṣùgbọ́n wọn ò mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe wọ́n báyìí. Ṣe èyí tó tóbi fún wọn, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i. Kí o sì ṣe apá kan tí àwọn dókítà kéékèèké á lè gún, kó má jẹ́ ara èèyàn ni wọ́n á ti kọ́kọ́ ṣèṣì."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì." Ọ̀sẹ̀ méje ló gbà mí.

Kí n tó lọ síwájú, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ gbọ́ èyí dáadáa: kò sí ohun kan nínú ohun tí mo ṣe tó gbọdọ̀ wọ ara èèyàn. Ike ọjà, rọ́bà kẹ̀kẹ́ àti ìda ni. Fún kíkọ́ni ni, ibẹ̀ ló sì parí sí.

Ọ̀sẹ̀ kìíní: mo la àkọ̀ méjì

Ṣáájú ọdún 1953, ẹni tó bá fẹ́ ti kátítà, ìyẹn ọ̀pá rírọ̀ tín-ín-rín oníhò, wọ inú iṣan ní láti fi ọ̀bẹ wá iṣan náà kàn, tàbí kó fi abẹ́rẹ́ tó sanra ju kátítà fúnra rẹ̀ lọ gún un. Lọ́dún náà ni Sven-Ivar Seldinger, dókítà onírédíọ́lọ́jì (àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú ara) kan ní Sweden, gbé ọ̀nà mìíràn jáde. Fi abẹ́rẹ́ kékeré gún iṣan, ti wáyà gba inú abẹ́rẹ́ náà, yọ abẹ́rẹ́, fi wáyà sílẹ̀, kí o wá ti kátítà gba orí wáyà wọlé. Mo rí i pé iṣẹ́ àwọn oníná ni: wọ́n á kọ́kọ́ ti wáyà líle gba inú páìpù ògiri, wáyà iná á sì tẹ̀lé e. Ẹni tó bá ti fa okùn sínú ṣòkòtò rí mọ̀ pé ohun líle tó ṣíwájú ló ń wá ọ̀nà, èyí tó rọ̀ kàn ń tẹ̀lé e ni.

Iṣẹ́ tí àkọ̀ wá fi kún un ni pé ó ń dúró sẹ́nu iṣan bí ẹnu ọ̀nà. Bí dókítà bá fẹ́ pààrọ̀ kátítà lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ẹnu ọ̀nà yẹn ni gbogbo wọn ń gbà, iṣan náà kì í sì í ní ọgbẹ́ tuntun.

Mo fi bíléèdì la àkọ̀ méjì ní gígùn, mo sì gbé wọn sábẹ́ gíláàsì tí mo fi ń wo bọ́ọ̀dù. Ike kan ṣoṣo ni ti àkọ́kọ́ láti inú dé ìta. Ti èkejì ju bẹ́ẹ̀ lọ: awọ funfun tó ń yọ̀ wà nínú, wáyà pẹlẹbẹ tí wọ́n ká roboto wà láàárín, ike rírọ̀ sì bò ó níta. Awọ funfun yẹn, ìdílé kan náà ni òun àti tẹ́ẹ̀pù funfun tí àwọn púlọ́ńbà fi ń wé ẹnu páìpù: PTFE ni. Ohun gbogbo ló ń yọ̀ lórí rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kátítà fi ń gba inú rẹ̀ kọjá láìfà.

Kí n tó la wọn, mo ti ká àwọn méjèèjì mọ́ ìka mi. Èyí tí kò ní wáyà ṣẹ́ po, ojú rẹ̀ dí pátápátá bí họ́ọ̀sì omi tí ẹnìkan tẹ̀ mọ́lẹ̀. Èyí tó ní wáyà tẹ̀ ní rọ́ńdọ́, ihò rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Mo tún bi ara mi léèrè ìdí tí wáyà náà fi jẹ́ pẹlẹbẹ tí kò rí roboto bíi ti bíréèkì kẹ̀kẹ́. Ara ògiri àkọ̀ ni ìdáhùn wà: wáyà roboto á mú kí ògiri náà nípọn, bí ògiri bá sì nípọn, ihò ara aláìsàn ló ń fẹ̀ sí i. Orí ìdámẹ́wàá mìlímítà ni àwọn tó ń ṣe nǹkan wọ̀nyí ti ń jà. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gidigidi lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀sẹ̀ kejì: ìwọ̀n tó kó wa ṣìnà

Mo pinnu pé màá ṣe àkọ̀ ńlá náà ní ìlọ́po márùn-ún. French ni wọ́n fi ń wọn nǹkan wọ̀nyí. Joseph Charrière, alágbẹ̀dẹ irin-iṣẹ́ oníṣègùn ní Paris, ló fi í lélẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1842. French 1 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta mìlímítà. French 6, mìlímítà 2 ni. Ní ìlọ́po márùn-ún, ó di mìlímítà 10.

Ọmọ iṣẹ́ mi gba ọjà lọ, ó sì ra họ́ọ̀sì tó mọ́ gaara, mìlímítà 10 géérégé. A ní kí oníléètì kan gé ọ̀pá náílọ́ọ̀nù fún dáílétọ̀, òun náà mìlímítà 10. Kò wọ̀ ọ́. Ìta họ́ọ̀sì ni ọmọ náà wọ̀n, kò sì jẹ̀bi, torí èmi náà ò sọ fún un. Ibí yìí ni mo ti wá mọ ohun tó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ mọ̀: ìta kátítà ni wọ́n ń wọ̀n, ṣùgbọ́n inú àkọ̀ ni wọ́n ń wọ̀n. Ìdí nìyẹn tí kátítà French 6 fi ń wọ inú àkọ̀ French 6. Èyí túmọ̀ sí pé ihò tí àkọ̀ French 6 ń dá sí ara iṣan ju mìlímítà 2 lọ, ó máa ń súnmọ́ French 8.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún ẹni tó bá ń gba ọrùn-ọwọ́ wọlé. Lucien Campeau ní Kánádà ló kọ́kọ́ kọ̀wé lọ́dún 1989 pé òun gba iṣan ọrùn-ọwọ́ dé ibi iṣan ọkàn. Iṣan yẹn ni nọ́ọ̀sì máa ń tọ́ láti ka bí ọkàn ṣe ń lù; lára ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, fífẹ̀ rẹ̀ ò ju mìlímítà 2 sí 3 lọ. Àkọ̀ tí ògiri rẹ̀ bá nípọn lè kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ìdí rèé tí àwọn tuntun tí ògiri wọn fẹ́lẹ́ fi wúlò: inú French 6, ìta bíi ti French 5 àtijọ́. Mo ya àwọn méjèèjì sórí pátákó fún ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n sì ní kí n má pa á rẹ́.

A ra họ́ọ̀sì mìíràn, inú mìlímítà 10, ìta 13.

Ọ̀sẹ̀ kejì kan náà: etí tó ń kọ́

Ọ̀pá irin mìlímítà 4.5 ni mo fi ṣe wáyà, nítorí wáyà gidi tí wọ́n ń pè ní 0.035, tí íǹṣì ni wọ́n fi wọ̀n, jẹ́ mìlímítà 0.89. Mo fi rọ́bà táyà tó nípọn ṣe awọ ara, mo dá ihò kékeré sí i, mo ti wáyà kọjá, mo wá ti àkọ̀ àti dáílétọ̀ tẹ̀lé e. Dáílétọ̀ wọlé wẹ́rẹ́. Nígbà tó kan ẹnu àkọ̀, ó dúró. Mo fi agbára kún un, ẹnu họ́ọ̀sì náà sì kó jọ sẹ́yìn bí ẹsẹ̀ ṣòkòtò tó gùn jù.

Mo ti gé ẹnu họ́ọ̀sì náà ní gígé tààrà, etí mìlímítà kan àbọ̀ sì yọ yí dáílétọ̀ ká. Etí yẹn ló ń kọ́ awọ. Nígbà tí mo padà wo ti gidi lábẹ́ gíláàsì, n kò rí etí kankan: láti ara wáyà bọ́ sórí dáílétọ̀, láti dáílétọ̀ bọ́ sórí àkọ̀, bí ẹyọ kan ṣoṣo ni. Wọ́n fi ooru tẹ ẹnu àkọ̀ náà títí ó fi fẹ́lẹ́ tó sì gbá dáílétọ̀ mọ́ra.

Mo ti irin gbígbóná bọ ẹnu họ́ọ̀sì tèmi, mo fà á, mo yí i, mo fi sáńpéépà dán an. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo bà á jẹ́. Ẹlẹ́ẹ̀kẹfà wọlé. Mo tọ́jú ọ̀kan nínú àwọn tó bàjẹ́, torí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì í kó mọ̀ bó ṣe ń rí nígbà tí ẹnu àkọ̀ bá ká lára aláìsàn.

Ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin: fáàfù

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé níbo ni ọgbọ́n àkọ̀ wà, orí rẹ̀ ni màá nawọ́ sí. Nínú orí ńlá yẹn ni fáàfù wà, rọ́bà pẹlẹbẹ kan tó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wáyà wọlé, kí kátítà wọlé, kí ó dì mọ́ èyí tó tín-ín-rín àti èyí tó sanra, kí ó sì pa dé pátápátá nígbà tí kò bá sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ò gbọdọ̀ jáde. Afẹ́fẹ́ náà ò gbọdọ̀ wọlé: bí aláìsàn bá mí kanlẹ̀, iṣan ńlá àyà tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn lè fa afẹ́fẹ́ mọ́ra, afẹ́fẹ́ nínú ọkàn sì lè pa èèyàn.

Mo kọ́kọ́ ṣe ibi ìdánwò. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ 120 tí nọ́ọ̀sì ń kà, mìlímítà mẹ́kúrì ni. Mẹ́kúrì wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 13.6, nítorí náà omi tó ga tó mítà 1.63 ló bá a dọ́gba. Mo kan ìṣó mọ́ àjà, mo gbé ike omi kọ́ ọ ní mítà 1.63 sókè tábìlì, mo sì fà á wá sínú àkọ̀ ńlá náà. Mo ro omi sóbò mọ́ ọn kí ojú tètè rí i bó bá jò.

Fáàfù àkọ́kọ́: rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́, tí mo fi bíléèdì la lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, ó ń kán tó, tó. Nígbà tí mo ti ọ̀pá irin bọ̀ ọ́, omi tú jáde ní igun méjèèjì. Ojú ìlà kan ṣoṣo dà bí ètè: bí nǹkan roboto bá là á, igun rẹ̀ méjèèjì á ṣí sílẹ̀.

Fáàfù kejì: rọ́bà méjì tí mo gbé léra, ìlà ọ̀kan dábùú ìlà èkejì. Èyí sàn jù. Ṣùgbọ́n omi ń sá sí àárín rọ́bà méjèèjì, ó sì ń gba etí jáde. Ọ̀pá náà tún ń fà gan-an.

Ọjọ́ kẹta tí mo jókòó tì í ni mo tó gbóyà láti la orí àkọ̀ gidi kan. Rọ́bà ẹyọ kan ló wà nínú rẹ̀, sílíkóònù. Wọ́n la á láti òkè dé ìdajì ní ọ̀nà kan, wọ́n yí i padà, wọ́n la á láti ìsàlẹ̀ dé ìdajì ní ọ̀nà kejì tó dábùú tàkọ́kọ́. Àárín gbùngbùn nìkan ni ìlà méjèèjì ti fojú kanra, ní ojú kan ṣoṣo. Bí igun ìlà òkè bá ṣí, ara rọ́bà ìsàlẹ̀ tí a kò là ló wà lábẹ́ rẹ̀, tó dí i. Bí ti ìsàlẹ̀ bá ṣí, ti òkè á dí i. Mo gbé e sọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́. Mo pe ọmọ iṣẹ́ mi wá wò ó, òun náà ò sọ̀rọ̀.

Fáàfù kẹta: mo da sílíkóònù sínú ìdérí ìgò, ó nípọn tó mìlímítà 6, mo fi í sílẹ̀ ọjọ́ mẹ́rin kí ó gan, mo sì là á bí mo ṣe rí i. Mo ṣe ìdérí olójú-skúrù tó ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kí ìlà rẹ̀ máa fi agbára pa dé. Mo ṣí omi. Ìṣẹ́jú 10 kọjá, kò sí ẹ̀kán kan. Mo ti ọ̀pá bọ̀ ọ́, mo yọ ọ́, mo tún tì í bọ̀ ọ́. Ẹ̀kán méjì péré. Omi ọṣẹ ni mo fi pa á lára kí ọ̀pá má baà fà. Òróró sílíkóònù ni wọ́n ń fi sí ti gidi.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún sí ìkeje: apá

Iṣan ló le jù. Mo fẹ́ méjì: ọ̀kan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá láti ọkàn, mìlímítà 4, àti ọ̀kan tó ń gbé e padà, mìlímítà 6, tó ya ẹ̀ka ní igunpá. Rọ́bà tí àwọn ọmọ fi ń ta ẹyẹ ni mo kọ́kọ́ rò, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀ka, ògiri rẹ̀ sì ti nípọn jù.

Ọ̀rọ̀ àwọn ará ìlú wa ló wá sí mi lọ́kàn. Lọ́dún 1938, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, lẹ́bàá ààfin Ọọ̀ni, ni wọ́n ti hú àwọn orí tí gbogbo ayé mọ̀ jáde. Ìda ni wọ́n fi mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: ìda lórí amọ̀, amọ̀ lórí ìda, wọ́n á fi iná sí i, ìda á yọ́ dànù, wọ́n á wá da bàbà yíyọ́ sí ààyè tí ìda fi sílẹ̀. Ààyè ni wọ́n ń wá kí irin lè rí ibi wọ̀. Ààyè náà gan-an ni èmi ń fẹ́.

Mo yọ́ ìda oyin pọ̀ mọ́ àbẹ́là, torí ìda oyin nìkan ti rọ̀ jù, àbẹ́là nìkan sì ń ṣẹ́. Mo yí i lórí pátákó bí ẹni ń yí òwú fìtílà, mo so ẹ̀ka pọ̀ pẹ̀lú ṣíbí gbígbóná. Mo tò wọ́n sínú àpótí, mo sì da sílíkóònù àwọn tó ń ṣe fèrèsé lé wọn lórí títí àpótí fi kún.

Ọjọ́ kẹsàn-án, mo gé e sí méjì. Inú rẹ̀ ṣì rọ̀ bí ògì tútù, òórùn fínígà sì gba ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni irú sílíkóònù yẹn fi ń gan, afẹ́fẹ́ ò sì lè dé àárín rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ di àdànù, owó rẹ̀ sì dùn mí.

Mo wá pò ó mọ́ tọpẹntáìnì kí ó ṣàn, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kun ìda náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo sì ń dúró kí ìpele kan gan kí n tó kun èkejì. Ìpele mẹ́fà fún mi ní ògiri tó súnmọ́ mìlímítà kan. Mo gbé gbogbo rẹ̀ sínú omi gbígbóná, ìda náà sì ń yọ jáde lẹ́nu iṣan díẹ̀díẹ̀, ó ń léfòó. Ìgbà tí mo fẹ́ afẹ́fẹ́ sí òpin kan, tó jáde ní ẹ̀ka méjèèjì, mo pariwo tóbẹ́ẹ̀ tí oníṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ mi fi sáré wọlé.

Ẹran ara tó yí iṣan ká kọ́kọ́ jẹ́ jẹ̀látíìnì. Wọ́n mú iná lọ ní ọjọ́ Ẹtì, fìríìjì ò ṣiṣẹ́, nígbà tó fi máa di aago mẹ́ta ọ̀sán ó ti ń di omi ọbẹ̀. Mo pààrọ̀ rẹ̀ sí agar, èyí tí wọ́n ń fi ewéko òkun ṣe, tí wọ́n ń lò ní láàbù. Ooru bíi 85°C ló ń yọ́ agar, oòrùn Ifẹ̀ ò lè rí i mú. Mo ro sítáàṣì díẹ̀ mọ́ ọn, nítorí agar lásán á dúdú lójú ẹ̀rọ ọ́tírásáǹdì bíi ti omi, a ò sì ní mọ iṣan yàtọ̀ sí ẹran.

Ike omi méjì ni mo gbé kọ́: ti àkọ́kọ́ ní mítà 1.63, ti èkejì ní sẹ̀ǹtímítà 10 péré, torí agbára ẹ̀jẹ̀ tó ń padà sí ọkàn kò pọ̀. Ẹ̀rọ ọ́tírásáǹdì àtijọ́ kan wà lọ́wọ́ mi tí mo ń tún ṣe. Mo gbé ojú rẹ̀ lé apá náà. Òbìrí dúdú méjì hàn. Mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀: èyí tó tóbi pa dé bí ojú tó ń sùn, èyí tó kéré ò mira. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń rí lára èèyàn, bẹ́ẹ̀ sì ni dókítà fi ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀. N kò kọ́ ọ mọ́ ọn. Gíga ike omi ló ṣe é fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lò ó

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ àti dókítà kékeré méjì ló wá. Ẹ̀gbọ́n mi fi àkọ̀ ńlá náà kọ́ wọn fún wákàtí kan. Wọ́n jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti èyí tí etí rẹ̀ ń kọ́, lẹ́yìn náà èyí tó ń yọ̀, wọn ò sì sọ ìyàtọ̀ rẹ̀ fún wọn títí ọ̀kan fi fi ìka tọ́ ẹnu àwọn méjèèjì wò.

Ọ̀kan nínú wọn béèrè bí ohun tó sanra, bíi fáàfù ọkàn, ṣe ń gba ihò kékeré kọjá. Ìbéèrè yẹn dára. Nígbà tí Alain Cribier kọ́kọ́ gba inú iṣan fi fáàfù sí ọkàn èèyàn ní Rouen ní Faransé lọ́dún 2002, àkọ̀ French 24 ni, mìlímítà 8. Lónìí, àkọ̀ French 14 wà tí ògiri rẹ̀ ṣẹ́po bí aṣọ tí a ká: ó ń ṣí bí fáàfù ṣe ń kọjá, ó sì ń súnkì padà lẹ́yìn rẹ̀. Mo fi ọ̀rá ìpolówó kan tí mo ṣẹ́ po ṣàpèjúwe rẹ̀. Mo tún fi àkọ̀ tó ń ya sí méjì hàn wọ́n, tí wọ́n fi ń ti wáyà ẹ̀rọ tó ń ran ìlù ọkàn lọ́wọ́ wọlé. Ìdí wáyà yẹn tóbi, àkọ̀ ò lè gba orí rẹ̀ jáde, nítorí náà wọ́n á di etí rẹ̀ méjèèjì mú, wọ́n á sì bó o bí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Dókítà kékeré àkọ́kọ́ gún apá náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó rí iṣan. Nígbà tí omi sóbò tú jáde lẹ́nu abẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, ó sì yọ abẹ́rẹ́ kó tó ti wáyà wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi ò bá a wí. Wọ́n ní, "Tún un ṣe, ọmọ mi. Apá yìí ò ní kígbe." Lẹ́ẹ̀karùn-ún, wáyà wọlé, àkọ̀ tẹ̀lé e, ó yọ dáílétọ̀, fáàfù sì pa dé láìkán.

Agar náà gbà tó ogójì ìgúnni kó tó kún fún ojú ọ̀nà abẹ́rẹ́. Mo yọ́ ọ, mo tún un dà. Iṣan sílíkóònù ń jò ní ojú mẹ́ta, mo ti kun ìpele kan lé e. Ẹ̀gbọ́n mi sì ti béèrè apá ọmọdé. Iṣan rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ mìlímítà 2, ìda rẹ̀ sì ń ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lórí pátákó. Mo ti fi ìda oyin kún un láàárọ̀ yìí.